Iná Kẹrin Nínú Balùwẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹ bá fẹ́ kí orí ènìyàn tètè funfun, ẹ fi ṣe alárinà láàárín ọmọbìnrin tó ń sunkún àti bàbá tó ń bèèrè iná. Wọ́n fi èmi ṣe é, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Àbúrò bàbá ọmọ náà ni mí. Ilé ìfọṣọ ni mo ní, aṣọ olówó aṣọ ni mo ń fọ̀, òun náà ni mo ń lọ̀, n kò sì wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ di wàhálà, ojú mi ni gbogbo wọn máa ń wò.

Ọkọ̀ ẹrù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi gbogbo agbára rẹ̀ wà. Kò sí ọ̀nà tí kò tọ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹrù ẹlẹ́rù kì í jẹ́ kí awakọ̀ dúró wo nǹkan. Odò rèé, ó kọjá. Òkè rèé, ó kọjá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra bọ́ọ̀sì gígùn kan tó ti darúgbó, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo ìjókòó inú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé: bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, sítóòfù láàárín, balùwẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò máa lọ jẹ́jẹ́, ibi tó bá wù wọ́n ni wọn yóò ti dúró. Ìyàwó rẹ̀ tó ti ń dá sùn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn nítorí ọkọ̀ ẹrù kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Mo kàn rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ife tí kì í fọ́.

Ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe irú ọkọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ mi gan-an. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló ń rán kọ́tìnì àti ìbòrí tìmùtìmù fún gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ ọgbà náà. Abẹ́rẹ́ là ń pè é nílé, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọmọkùnrin tó ń ṣe iná àwọn ọkọ̀ náà ń bẹ níbẹ̀, Wáyà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ga, ó sì ń tijú. Bí o bá kí i, yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Balùwẹ̀ ọkọ̀ náà kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bọ́jú, ìdí rẹ̀ á kan ilẹ̀kùn. Ògiri rẹ̀ funfun, ó ń dán gbinrin. Dígí kan wà lókè bàsíà, ihò afẹ́fẹ́ tó ní ọmọrí wà lájà, iná kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ lọ fá irùngbọ̀n, ó fi abẹ gé ara rẹ̀ lágbọ̀n. Ó jáde, ó di ojú ọgbẹ́ mú.

“Balùwẹ̀ yìí ṣú,” ló wí. “Ẹ bá mi pe oníná.”

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wáyà dé, ó ní òun máa fi iná kejì sókè dígí, irú èyí tí omi kì í wọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bátìrì wà, okùn iná gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Ẹnìkan yóò máa tì í láti inú balùwẹ̀, ẹlòmíì yóò sì fi ọwọ́ wá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ ń gbé kọ́tìnì kọ́ lọ́wọ́. Ó fi kọ́tìnì sílẹ̀, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo fọ̀ ni mo gbé wá lọ́jọ́ náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn o, ọkọ̀ náà ló kéré.

“Ṣé o ti rí i?” Wáyà bèèrè láti ìhà ọ̀hún.

“N ò rí nǹkan kan. Ṣé ó dá ọ lójú pé ibí ló gbà?”

“Fi ọwọ́ wá a sókè díẹ̀.”

“Mo ti dì í mú.”

“Ó dáa. Má fi sílẹ̀.”

“Wáyà ni kí n má fi sílẹ̀?” Abẹ́rẹ́ ní ẹnu, mo ti sọ fún yín.

Ohùn ọmọkùnrin náà yí padà. “Òun náà ni,” ló wí. “Bí o bá lè ṣe é.”

Ògiri ló fún un láyà. Bí wọ́n bá kojú síra wọn ni, ilẹ̀ ni ìbá wò. Mo gbọ́ tí Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, jẹ́jẹ́ báyìí. Mo gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi kalẹ̀, mo yọ́ kúrò níbẹ̀.

Wọ́n tan iná kejì. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó dúró níwájú dígí, ó mi orí. “Ó ṣì ṣú. Ó tún wá ń ta mí lójú.”

Wáyà kò bínú. Ó lọ wá iná tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi yí dígí náà ká tọ̀tún tòsì. Iṣẹ́ yẹn gba àkókò, nítorí pé okùn rẹ̀ pọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ láàárín ògiri lásìkò yẹn, n kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo rí ni pé, nígbà tí iná kẹta máa fi tàn, Wáyà ti ń wo ojú Abẹ́rẹ́ láìwo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wọlé. “Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Èmi àti Abẹ́rẹ́ wọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ débi pé a ní láti di ojú. Bí èèrà bá ń rìn lórí ògiri yẹn, ẹ máa mọ bóyá ó ń tiro. A wo ara wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ wọn àti oníná ń fẹ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. “Ọmọkùnrin tí kò lè tan iná sí balùwẹ̀ kan,” ló wí, “ṣé òun ló máa wá tan iná sílé ọmọ mi?” Ó sì tún mú ṣíbí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gbé ẹkún wá bá mi ní ilé ìfọṣọ, ó jókòó láàárín ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà wọ balùwẹ̀ yẹn. Ẹ sọ òótọ́. Ṣé ó ṣú?”

“Kò ṣú.”

“Dádì ò fẹ́ ẹ ni. Wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé wọn ò fẹ́ ẹ.”

Mo gbà fún un. Bí àwọn àgbà ilé wa kò bá fẹ́ nǹkan, wọn kì í sọ pé àwọn kò fẹ́. Wọ́n á kàn máa wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá tó bí wa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ mi nígbà tó wá fẹ́ mi, ó ní bàtà rẹ̀ ń pariwo. Bàtà ọkọ mi kò pariwo rí. Mo nu ojú ọmọ náà, mo ní kó máa lọ, mo sì gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ bí ẹni tó ń lọ gba ẹjọ́ rò.

“Bọ̀dá mi,” mo ní, “bí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ yẹn, ẹ sọ fún wa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní àléébù.”

“Ta ló sọ pé mi ò fẹ́ ẹ? Mo ní balùwẹ̀ mi ṣú. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Kò ṣú, Bọ̀dá mi.”

“Ìwọ lo ń fá irùngbọ̀n níbẹ̀ ni?” Ó na ìka sí mi. “Wò ó, kí n má baà dá yín dúró. Ọjọ́ tí mo bá wọ balùwẹ̀ yẹn tí mo rí ojú ara mi nínú dígí bó ṣe yẹ kí n rí i, kó kó àwọn ẹbí ẹ̀ wá. Mo ti parí ọ̀rọ̀.”

Mo jáde, mo ń kùn. Mo ní ó ti gbé òkè tí ọmọ ọlọ́mọ kò ní lè gùn síwájú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ń ṣe agídí láti kékeré. Inú bí mi sí i débi pé aṣọ tí mo lọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ńṣe ni mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Ìrìn àjò wọn ti súnmọ́ tòsí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbéra. Wáyà ra iná kẹrin, èyí tó tóbi jù. Kó tó lè kàn án mọ́ àjà, ó yọ fíùsì kúrò, gbogbo iná balùwẹ̀ sì kú pátápátá. Òjò ń ṣú lọ́jọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó gba ihò afẹ́fẹ́ wọlé nìkan ló wà níbẹ̀. Wáyà jáde wá mú irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi níbi tí èmi, Abẹ́rẹ́ àti ìyá rẹ̀ dúró sí, ẹ̀gbọ́n mi sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó wọlé lọ mú táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ̀hẹ́n. Báyìí ni. Báyìí ni mo ti ń wí láti ọjọ́ yìí.” Ó yọjú síta, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. “Wáyà, kí lo ṣe sí i? Mo rí àgbọ̀n mi. Mo rí ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an.”

Iná kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ Wáyà, fíùsì wà nínú àpò rẹ̀.

“Ẹ ní kí àwọn ẹbí ẹ̀ máa bọ̀,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ká parí ẹ̀ kí n tó gbéra. N kì í yẹ ọ̀rọ̀ mi.”

Mo rò pé agídí ti sú u ni, pé ó wá ọ̀nà tí kò ní tì í lójú láti gbà. Bí ẹ bá mọ ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ̀yin náà máa rò nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ kí ó tó yí ọkàn padà. Abẹ́rẹ́ so mọ́ mi lọ́rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àga tí wọn yóò yá. Wáyà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo balùwẹ̀, ó tún wo ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́bàá tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

“Àǹtí, kò sí iná kankan tó tàn nígbà tí Bàbá wọlé.”

“Mo mọ̀. Wọ́n fẹ́ fi ẹ́ ṣeré ni. Wọ́n ti gbà, kí lo tún ń wá?”

“Wọn ò fi mí ṣeré. Wọ́n rí ara wọn lóòótọ́ ni. Bí iná bá ti pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n máa rí, gbogbo nǹkan á funfun lójú wọn. Bí ìyá àgbà mi ṣe rí nìyẹn. Abẹ́ igi ni wọ́n máa ń fẹ́ jókòó. Bí wọ́n bá ti bọ́ sínú oòrùn, wọn ò ní dá wa mọ̀ mọ́. A rò pé inú ló ń bí wọn sí wa. Ojú wọn ni.”

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Mo rántí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń da tíì sínú àwo abẹ́ ife. Mo rántí bó ṣe kọjá lára mi lójú títì láìkí mi, tí mo ní ìgbéraga ni.

“Dákẹ́ ná,” mo ní. “Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà la ó wá bí a ṣe máa sọ ọ́.”

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń gbéra, Àǹtí. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ níwájú wọn, tó tan iná sí wọn lójú, ṣé wọ́n máa rí ọ̀nà?”

Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ padà.

“Ìyá ló máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn,” ló wí.

“Wáyà, mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà ni gbogbo ayé rẹ̀. Bí o bá sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò gba ọ̀nà mọ́, kò ní fún ọ lọ́mọ láéláé.”

“Mo mọ̀. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Mo fẹ́ràn Abẹ́rẹ́. N ò mọ bí mo ṣe máa máa wo ojú ẹ̀ bí nǹkan kan bá ṣe ìyá ẹ̀, kó jẹ́ pé mo ti mọ̀.”

Mo ní kó jẹ́ kí èmi lọ sọ ọ́, èmi tí wọn ò lè lé kúrò nínú ẹbí. Ó kọ̀. Ó ní òun ni wọ́n fún lọ́mọ. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, á dà bíi pé òun sá pamọ́. Mo wo ọmọkùnrin náà, àánú rẹ̀ ṣe mí, ìbínú rẹ̀ sì tún ń gbé mi. Kí ló dé tí kò lè jẹ́ ẹni burúkú díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan péré?

Nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni ó ti sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde títí ó fi sọ ọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ìgbà tí kò bá pariwo gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà yín.

“O ò lè ṣe iná,” ló wí, “ojú mi ló wá bàjẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Wọn ò tíì bí ẹ tí mo ti ń wakọ̀ gba inú òjò kọjá. Dìde. Máa lọ. Gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá dání bí o ṣe ń lọ, kò sí lẹ́nu mi mọ́.”

Abẹ́rẹ́ sin ín dé ẹnu géètì. Ojú fèrèsé ni mo wà.

“O ò lè dákẹ́?” ló bi í. “Ó ti wà lọ́wọ́ wa. A ti gbà á tán. Kí ni mo ṣe fún ẹ tó o fi ṣe mí báyìí?”

Wáyà dúró títí Abẹ́rẹ́ fi ti géètì.

Ẹni tó bá mọ Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé kì í sunkún kó jókòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fa bàbá rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó ní kí èmi àti ìyá òun wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó fẹ́ fi hàn pé irọ́ ni Wáyà pa, kí bàbá rẹ̀ lè fi í rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ àná sì padà bọ̀ sípò. Ó dá fíùsì tí Wáyà ti fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ padà sáyè rẹ̀, ó tan iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó na ìka sókè.

“Dádì, ìka mélòó nìyí?”

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú, ó la ojú. “Pa iná yẹn ná.”

“Ẹ kọ́kọ́ kà á, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ní kó o pa iná.”

Ó pa á. Ìmọ́lẹ̀ ihò afẹ́fẹ́ nìkan ló kù nínú balùwẹ̀. “Méjì,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí lójú ẹsẹ̀. “O fi òrùka ìyá ẹ sí ọ̀kan.”

Abẹ́rẹ́ tún tan iná, kò yí ìka padà, ó súnmọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́, ó ń wá ìka náà nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà pa iná. Ó gbá ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó fi mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà. “Mo rò pé ó ń ṣú ni,” ló wí. “Mo rò pé ibi gbogbo kàn ń ṣú ni.” Lẹ́yìn náà, ó ní, “Bí wọ́n bá gba ọ̀nà lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo mọ̀ ọ́n ṣe?”

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, ó fi ọwọ́ lé e léjìká.

“Olówó orí mi,” ló wí, “gbogbo ìgbà tí ẹ fi wakọ̀, ilé ni mo ti ń dúró dè yín. N ò ráhùn. Mo lè dúró díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n n ò ní wọ ọkọ̀ yìí bí dókítà ò bá wo ojú yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá lọ, ẹ ó kọ́kọ́ tẹ èmi tí mo dùbúlẹ̀ síwájú táyà.”

Kò bá a jiyàn. Abẹ́rẹ́ àti ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Mo jókòó sí ilé ìfọṣọ, mo jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, n kò tiẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé, ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń sáré.

“Awọ ló bo ẹyinjú wọn, Àǹtí. Awọ lásán. Dókítà ní àgbàlagbà púpọ̀ ló ń ní in. Wọ́n máa yọ ọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ní wọ́n máa ríran.”

“Wọ́n á tún wakọ̀?”

“Wọ́n ní wọ́n á tún wakọ̀.”

Mo dì mọ́ ọmọ náà, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, a ń sunkún, oníbàárà tó wá gba aṣọ rẹ̀ dúró, ó ń wò wá. Lẹ́yìn tí Abẹ́rẹ́ nu ojú tán, ó ní, “Mo ti géètì mọ́ ọn lójú.”

“Kì í ṣe èmi lo máa sọ ọ́ fún,” mo ní. “Ẹ̀yìn ibí ni ọgbà wà.”

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà bó ṣe lọ. Abẹ́ ọkọ̀ kan ni Wáyà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó sọ ohun tí dókítà sọ. Ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́.

“Wọ́n á ríran?” ni ohùn bèèrè lábẹ́ ọkọ̀.

“Wọ́n á ríran. Mo wá bẹ̀ ẹ́.”

“Má bẹ̀ mí. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Èmi náà, ẹ̀rù bà mí.”

“Jáde wá, jẹ́ kí n rí ẹ.”

Ó jáde wá, gíríìsì kún iwájú orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní ojú rẹ̀ kò wo ilẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá kò tíì yanjú. Wọ́n ṣe ojú kan, wọ́n ní kó sinmi, wọ́n ṣe èkejì. Ní gbogbo àkókò náà, kò dárúkọ Wáyà, kò sì sí ẹni tó láyà láti dárúkọ rẹ̀ fún un. Abẹ́rẹ́ ní òun kò ní sá lọ, òun kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Òun á kàn jókòó síbẹ̀ títí bàbá òun á fi sọ̀rọ̀. Mo ní nínú ara mi pé agídí bàbá ló bí ti ọmọ.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní ó ti di ẹni ara rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi gba inú ọgbà lọ tààrà, ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó tan iná balùwẹ̀. A gbọ́ igbe rẹ̀ láti ilé ìfọṣọ.

“Ta ló kó oòrùn wá síbí?”

Ó jáde, ó fi ọwọ́ bo ojú, ẹ̀rín ló ń pa á. Ó tún wọlé, ó pa iná, ó tan án, ó fi ìka tọ etí ògiri níbi tí okùn iná gbà tí ènìyàn kò lè rí i. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n lọ pe ọmọkùnrin yẹn wá bá òun nílé.

Wáyà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀ fún un. Ó wọ pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dìde, kó súnmọ́ fèrèsé. Ó dìde, ó súnmọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ra nǹkan.

“Ìwọ ni Wáyà?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ọmọdé ni ẹ́. Mo ti rò pé o dàgbà jù báyìí lọ.” Ó tún wò ó. “Bí òjìji lo ṣe ń rí lójú mi láti ọjọ́ yìí. Ohùn lásán ni mo fẹ́ fi ọmọ mi fún.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fún etí aṣọ rẹ̀.

“Mo ti gbà fún ẹ,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ohun tó o wá, o ti rí i. Kí ló dé tó o ò dákẹ́?”

Wáyà gbé ojú sókè. Ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dáhùn.

“Ìyá ló máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Bàbá.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì ń wò ó bí ẹni pé láti ọjọ́ yìí, òun náà kò rí i dáadáa. Obìnrin náà kò wò ó padà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kọjú sí.

“Kí lo ń wò?” ló wí. “Sún, kí ọkọ ẹ jókòó.”

Abẹ́rẹ́ sún.